Kíkì mẹ́ta lórí 911 Ìyá Mọ̀pà

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ "ta-ta-ta-ta-ta" bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná lu páànù, iná iwájú awakọ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ò sì mira. Tí ẹ bá ṣàpèjúwe ìró yìí fún rẹ́wáyà mẹ́wàá ní Kàbà, àwa tó ń tún iná mọ́tọ̀ ṣe, mẹ́sàn-án á ní kíkì, ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó tó gbaná, ló kú, ẹ lọ wá owó kíkì. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Èmi ni mo ta kíkì kejì fún obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ lọ́rì rẹ̀ yìí, mi ò sì tíì fi mítà kan ibì kankan lára mọ́tọ̀ náà nígbà tí mo gba owó.

Mercedes 911 ni lọ́rì ọ̀hún, ẹ́ńjìnnì OM352 ló wà nínú rẹ̀: dísẹ̀lì, sílíńdà 6, lítà 5.7. Kò sí ẹni tó dàgbà sí apá ọ̀dọ̀ wa tí kò mọ 911. Òun ló ń kó iṣu, òun ló ń kó pákó, òun náà ló ń kó àga àti onílù lọ síbi òkú. Olóògbé ọkọ Ìyá Mọ̀pà ló ra èyí kí Kogí tó di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tí a ṣì jẹ́ ará Kwárà, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n tà á. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, kàjú ló ń kó láti ìgbèríko Mọ̀pà àti Ìsánlú. Tí kàjú bá tán, ó di iṣu.

Bátìrì 12 fóltì méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ló ń fún un ní 24, wọ́n sì wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣásí, irin gígùn abẹ́ lọ́rì.

Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ kíkì àkọ́kọ́. Ó lo oṣù méje. Èkejì, tòkunbọ̀ tí mo tà fún un, lo oṣù márùn-ún. Ẹ̀kẹta, ọmọ rẹ̀ ló rà á tuntun nínú páálí ránṣẹ́ láti Èkó, èyí ò sì lò ju ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ tí "ta-ta-ta" fi dé padà. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo dìde, mo kí i, "Okun o, Ìyá."

Ó ní, "Okun wo? Ìwọ àti kíkì rẹ ti gba èyí tó kù lára mi."

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọni lára tó. Okun ni a fi ń kí ara wa, òun náà ni orúkọ wa.

Ó jókòó, ó ro ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bàbá Dẹ́rẹ́bà kì í pa ẹ́ńjìnnì mọ́ láti òwúrọ̀ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù títí di ìrọ̀lẹ́, dísẹ̀lì ń jó lórí ìdúró. Tí ó bá pọn dandan kó pa á, á wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́ kó tó dúró, mọ́tọ̀bọ́ì á ki wẹ́jì bọ abẹ́ táyà, tí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọn á yọ ọ́, lọ́rì á yí lọ, bàbá á ju gíà kejì sí i. Lọ́jọ́ kan ní Ìsánlú kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọkùnrin mẹ́rìnlá ni wọ́n sanwó fún láti ti lọ́rì tó kún fún kàjú. Ó ka mẹ́rìnlá yẹn fún mi lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó fi mẹ́rin orí ẹsẹ̀ kún un.

Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé lọ́rì wá sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí ni pé tí ojú ọjọ́ bá tutù ní kùtùkùtù, kíkì náà ṣì ń gbìyànjú láti yí ẹ́ńjìnnì, ó kàn ń yí i bí arúgbó tó ń gun òkè ni. Ọ̀sán gan-gan ló máa ń kọ̀ pátápátá. Bàbà tó bá gbóná ń dènà iná ju èyí tó tutù lọ, bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n ooru 10 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, torí náà wáyà tó ń fi agídí gbé iná ní àárọ̀ á jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Wáyà ló yẹ kí n ti fura sí láti ìgbà tí Bàbá Dẹ́rẹ́bà ti ń ráhùn nípa ọ̀sán. Ó ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Bàbá fa okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì kó má baà gbaná, ó wá ń yí kọ́kọ́rọ́ fún mi, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, èmi ń fi ẹnu mítà kan ibi kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni tó ní mítà lè ṣe ni. Ẹ ò ní wọn iná tó wà nínú wáyà nígbà tí kò ṣiṣẹ́, torí wáyà tó ti jẹrà á fi 24 hàn yín dáadáa tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Ìgbà tí kíkì ń fa iná gan-an ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì, ẹ fi ìkejì sí ìdí kíkì níbi tí wáyà yẹn parí sí. Ohun tí mítà bá kà ni iná tó ṣòfò lójú ọ̀nà. Lórí mọ́tọ̀ 24, mi ò kí í gbà ju fóltì 1 lọ lápapọ̀, lọ àti bọ̀. Lórí 12, ìdajì rẹ̀.

Lórí ìdúró, bátìrì méjèèjì jẹ́ 25.1. Nígbà tí kíkì ń yí, wọ́n wálẹ̀ sí 21.8, èyí kò burú. Àmọ́ ní ìdí kíkì fúnra rẹ̀, 15.9 ni mo rí. Mo rò pé ẹnu mítà ni kò kan dáadáa, mo fi ìwé iyanrìn nu bóòtù, mo ní kí Bàbá tún un yí. 15.9. Fóltì 5.9 ti bọ́ sọ́nà láàárín bátìrì àti kíkì. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn rán ọmọ ní omi, garawa kún, ó délé ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ sì ń na ìkòkò pé kò hó.

Ìhà pọ́sítíìfù, ọ̀nà tí iná ń gbà lọ sí kíkì, gba 3.1 nínú rẹ̀, ìhà ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tó ń gbà padà sí bátìrì, gba 2.8.

Ti ẹ́ẹ̀tì yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ́ńjìnnì ò jókòó lé irin ṣásí, orí rọ́bà ló jókòó sí, rọ́bà kì í sì gbé iná. Okùn bàbà híhun kan ló yẹ kó wà láti ara gíà sí ṣásí kí iná tó bá jáde nínú kíkì lè rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Mo dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ lọ́rì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bóòtù rẹ̀ wà lára gíà, ihò rẹ̀ wà lára ṣásí, okùn ò sí níbẹ̀. Mẹkáníìkì kan ti já gíà sílẹ̀ nígbà kan, ó tún un dè padà, ó gbàgbé okùn. Ọ̀nà wo wá ni iná ń gbà láti ọjọ́ yẹn? Mo ní kí Bàbá tún yí kọ́kọ́rọ́, mo wá ń fọwọ́ tọ́ gbogbo ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tọ̀ wò. Nígbà tí mo dé ibi kébù tọ́rọ́tù, mo tètè yọ ọwọ́. Ó gbóná bí etí ife tíì. Ike tó bò ó ti yọ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ irin inú. Kébù tín-ín-rín tí bàbá fi ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti fún ẹ́ńjìnnì ní epo ló ń gbé iná kíkì padà sílé. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ní òun ti ń ṣàkíyèsí pé tọ́rọ́tù ń há díẹ̀díẹ̀, òun sì ti fi gíríìsì sí i.

Ní ìhà pọ́sítíìfù, wáyà tó wà níbẹ̀ dára lójú. Pupa, ó nípọn bí àtàǹpàkò, wọ́n kọ 35 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n bí bàbà inú rẹ̀ ṣe yẹ kó nípọn tó. Mo gé orí rẹ̀. Rọ́bà ló nípọn. Wáyà inú rẹ̀ ò ju lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lọ. Mo mú ẹyọ irun wáyà kan, mo fi ojú abẹ ha á, àwọ̀ bàbà ṣí kúrò, funfun ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Alumí ni, wọ́n kàn fi bàbà kùn ún lára. Mo ṣá ìṣáná sí ìdìpọ̀ irun rẹ̀, ó rọ, ó já wálẹ̀ bí àbẹ́là. Bàbà gidi á pọ́n, á dúdú, kò ní já lójú iná ìṣáná. Ó lé ní ìdajì tí alumí fi ń dènà iná ju bàbà lọ. Orí wáyà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi òòlù lù pẹlẹbẹ. Nígbà tí mo fà á, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun.

Ohun kẹta wà tí mi ò wá. Bátìrì kan jẹ́ 12.8, ìkejì jẹ́ 12.3. Rédíò ni. Rédíò lọ́rì náà àti ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí fóònù jẹ́ ti 12 fóltì, ẹni tó so wọ́n kàn fa wáyà láti orí bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi iná padà sínú bátìrì, ò mọ̀ pé ọ̀kan ń jẹ ju ìkejì lọ. Ó ń fún méjèèjì pa pọ̀ ni. Ọ̀kan á máa yó jù, omi rẹ̀ á máa gbẹ, ebi á sì máa pa ìkejì. Mo rí èyí lára ọkọ̀ ńlá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo wá tú àwọn kíkì náà palẹ̀. Mọ́tọ̀bọ́ì kò ju òkú àkọ́kọ́ àti èkejì nù, wọ́n wà lábẹ́ ìjókòó níbi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Nínú èyí tí mo tà, búùṣì ẹ̀yìn, òrùka tó ń gbé ìdí ámáṣọ̀ ró, ti jẹ tán, ámáṣọ̀, ìyẹn irin olówáyà tó ń yí nínú kíkì, ti ń ha ara ògiri inú, ilà dídán kan wà yíká rẹ̀ bí ẹni fi fáìlì yọ́ ọ. Tòkunbọ̀ ni, bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Àmọ́ ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọra ni inú sólénọ́ìdì, igo kékeré tó gun kíkì lẹ́yìn. Okùn bàbà méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń fa eyín kíkì jáde lọ pàdé eyín fáìwíìlì, àgbá irin eléyín tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ìkejì ń dì í mú síbẹ̀. Tí iná bá kéré, èyí tó ń dì í mú á jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kété tí kíkì bá bẹ̀rẹ̀ sí fa iná, iná á padà sókè, á tún fà á, á tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Òun ni "ta-ta-ta" yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ké, iná ń ta pàrà láàárín bóòtù bàbà méjì inú rẹ̀. Mo ṣí ìdérí wọn: dúdú, ó ti jẹ kòtò sára bí eyín tí kòkòrò ti wọ̀. Ti tuntun inú páálí náà, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré. Wáyà ló ń pa kíkì. A ń sin òkú kan, a ń kó òmíràn wọ ilé tí apànìyàn wà.

Mo sọ fún Ìyá lójú ẹsẹ̀, mi ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Èyí tí o tà fún mi ńkọ́?" Mo ní owó iṣẹ́ mi lórí èyí ò sí, kó ra ohun èlò nìkan. Ó ní òun ti gbọ́.

A lè di wáyà tuntun ká sì tún kíkì kẹta ṣe, ìyẹn ìbá tó. Ṣùgbọ́n lọ́rì yìí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, Ìyá sì ti rẹ̀. A gbà pé ká bọ́ sórí kíkì onígíà. Nínú kíkì àtijọ́, ámáṣọ̀ ló ń yí eyín náà tààrà, torí náà ó gbọ́dọ̀ tóbi, ó sì gbọ́dọ̀ mu iná gan-an kó tó lágbára. Nínú onígíà, ámáṣọ̀ kékeré ń sáré nínú lọ́hùn-ún, gíà ń sọ eré yẹn di agbára kó tó dé ibi eyín, gẹ́gẹ́ bí gíà kìíní ṣe ń gbé lọ́rì gun òkè. Ó fúyẹ́, ó sì ń mu iná díẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Ohun tí ó lè dojú ti ni níbí ni eyín: kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ti àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oní pátì, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ka eyín méjèèjì, ẹ wò ó bóyá ìhà kan náà ni wọ́n ń yí sí, ẹ wọn bí eyín ṣe jìnnà sí ojú tí bóòtù ń wọ̀. Kíkì tí eyín rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀ á yí, inú yín á dùn, á sì máa jẹ fáìwíìlì lọ. Ẹ rí i dájú pé 24 ni wọ́n kọ sí i lára.

Lọ́kọ́ja ni mo ti ra wáyà, bàbà gidi, 70 lórí ìwọ̀n. Mo fi abẹ ha á lójú ẹni tó ń tà á. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Orí wáyà ni mi ò ní ẹ̀rọ tó lè fún un. Ọmọkùnrin kan tó ń so sólà ní Kàbà ló yá mi ní ẹ̀rọ onílífà tí wọ́n fi ń fún orí wáyà tí irun inú á fi di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn oní sólà wọ̀nyí ti kó ohun èlò tó dáa ju tiwa lọ wọ̀lú, àwa sì wà níbẹ̀ tí a ń fi òòlù lù ú.

Okùn ẹ́ẹ̀tì, méjì ni mo so: láti ara ẹ́ńjìnnì nítòsí bóòtù kíkì lọ sí ṣásí, àti láti orí bátìrì nẹ́gétíìfù lọ síbi kan náà lórí ṣásí. Mo fi fáìlì yọ ọ̀dà kúrò títí irin fi funfun, mo de bóòtù, mo wá fi gíríìsì bò ó lórí lẹ́yìn tí mo dè é tán. Wáyà pọ́sítíìfù ńlá tó lọ sí kíkì kì í ní fíúsì, torí náà ọ̀nà tó gbà ṣe pàtàkì: mo gbé e jìnnà sí páìpù èéfín, mo ki rọ́bà sí gbogbo ihò irin tó gbà kọjá, mo sì dì í mọ́ ṣásí kó má máa fì. Tí irin bá jẹ rọ́bà wáyà yẹn, kò sí ohun tó máa dá iná dúró.

Ó ku ọ̀nà kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará Jámánì ń fi nọ́ńbà sí wáyà mọ́tọ̀ wọn: 30 ni èyí tó ti bátìrì wá tààrà, 15 ń ti ara kọ́kọ́rọ́ wá, 31 ni ẹ́ẹ̀tì, 50 ló ń pàṣẹ fún kíkì. Nígbà tí mo wọn 50 lára lọ́rì yìí, 17 ló dé ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ti gbó nínú, wáyà rẹ̀ sì gùn lọ gùn bọ̀. Mo ní ká fi rílè sí i nítòsí bátìrì, kí kọ́kọ́rọ́ máa pàṣẹ fún rílè nìkan, kí rílè gbé iná gidi fún 50, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀. Mo rán ọmọṣẹ́ mi níṣẹ́. Ó ra rílè 12. Èmi náà ò wò ó, mo so ó, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, òórùn ike jíjó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Rílè 12 lórí 24, ìlọ́po mẹ́rin ooru ni. A pààrọ̀ rẹ̀. Rédíò náà, a ra ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12, a kó o kúrò lórí bátìrì, a sì gbé bátìrì tí ebi ń pa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba bátìrì sí iná lóun nìkan.

Nígbà tí a parí, bátìrì méjèèjì jẹ́ 12.7 lọ́kọ̀ọ̀kan, 25.4. Nígbà tí kíkì ń yí, bátìrì 23.0, ìdí kíkì 22.3. Òfò 0.4 lójú ọ̀nà lọ, 0.3 lójú ọ̀nà bọ̀. Mo yá mítà tó ń gbá wáyà mú lọ́wọ́ oní sólà kan náà: kíkì àtijọ́ ti ń fa nǹkan bí 380 ámpíà, onígíà yìí ń fa nǹkan bí 270. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ò bìkítà fún nọ́ńbà. Ó ti okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn kí ó tó tẹ tọ́rọ́tù. Ó pa á. Ó tún ṣí i. Ìgbà méje ló ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé.

Ní oṣù kìíní tó tẹ̀lé e, nínú ọyẹ́, lọ́rì náà padà wá. Ó ń yí lọ́ra díẹ̀, kò ké. Àyà mi já. Mo wọ̀n ọ́n: ojú ọ̀nà lọ 0.4 bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ojú ọ̀nà bọ̀ 1.6. Mo bi Bàbá pé ta ló fọwọ́ kàn án. Ó ní kò sí ẹnì kan, àfi wẹ́dà kan tó jó ẹ̀yìn bọ́dì ní Ìsánlú. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Wẹ́dà náà ti tú okùn ẹ́ẹ̀tì mi kó lè rí ibi jó, ó kun ṣásí ní ọ̀dà dúdú kó má baà dípẹtà, ó wá de okùn padà lé ọ̀dà lórí, bóòtù le dáadáa. Mo tú u, mo fi fáìlì ha ojú irin náà, mo tún un dè. 0.3.

Bàbá bi mí pé èló. Mo ní kó bá mi ra ìwé iyanrìn kan bó bá ń kọjá ní ọjà.